Àwọn Lẹ́tà Tí Kò Dé Ọwọ́ Ẹni Tí A Kọ Wọ́n Sí

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́ tí a kó pamọ́, ìwé ọba àti ìwé àdéhùn ogun ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní tèmi, àpótí kan ní ìlú The Hague, ní Nẹ́dálándì, ni mo máa ń rántí. Simon de Brienne àti aya rẹ̀, Marie Germain, ni ó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ni àpótí náà. Lẹ́tà bí 2,600 ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí a kọ láàárín ọdún 1689 sí 1706, tí kò sì dé ọwọ́ ẹni tí ó ni wọ́n.

Láyé ìgbà náà, ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ni ó ń san owó rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá ti kó kúrò nílùú, tàbí tí ó ti kú, tàbí tí ó kọ̀ láti sanwó, lẹ́tà náà yóò kù sílẹ̀, tọkọtaya náà yóò sì tọ́jú rẹ̀, nítorí bóyá ẹnìkan ṣì lè wá san owó náà kí ó sì gbà á. Bí ó bá dé ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí ni, ó ṣeé ṣe kí ó ti di ohun ìdáná tipẹ́.

Nǹkan bí 600 nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò tú rí. Àpò lẹ́tà kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ìwé náà gan-an ni wọ́n ń ká mọ́ ara rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa, débi pé ẹni tí ó bá tú u yóò ya á. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú tí kò jẹ́ kí ìwàǹwára mú wọn tú wọn, nítorí pé ọ̀nà tí ènìyàn gbà ká lẹ́tà rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń sọ. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí kéde pé ẹ̀rọ X-ray tí a ṣe fún ìwádìí nípa eyín ti rí tàdáwà inú ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ǹpútà sì bá wọn tẹ́ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ láìfọwọ́kan lẹ́tà náà.

Jacques Sennacques ni ó kọ ọ́ láti ìlú Lille, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1697, sí ìbátan rẹ̀, Pierre Le Pers, oníṣòwò. Ìwé ẹ̀rí ikú ìbátan wọn, Daniel Le Pers, ni ó ń béèrè, ó sì rán an létí pé òun ti kọ̀wé tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Irú ìwé báyìí, tí ìdílé ń fi bẹ ara wọn, ni mo kà sí pàtàkì jù.

Ẹni tí ó bá jogún irú rẹ̀, jọ̀wọ́, má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́, má da ètò tí o bá a rú, má sì ya àpò kúrò lára lẹ́tà tí ó bá ní àpò, nítorí lára àpò ni orúkọ ìlú àti ọjọ́ sábà máa ń wà.