Tòmátì Nìkan Ni Kẹ́ Ẹ Rọ Sínú Ìgò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra odindi apẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí tòmátì òkè Ọya bá pọ̀ lọ́jà, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nípa títọ́jú tòmátì sínú ìgò. Ẹ mọ ohun tójú ń rí tí òjò bá dé tí tòmátì di góòlù.

Fíríìsà ni mo gbójú lé tẹ́lẹ̀. Mo lọ tòmátì, tàtàsé, ata rodo àti àlùbọ́sà pọ̀, mo sè é títí omi fi gbẹ, mo dì í sínú ọ̀rá, mo tò ó kún dẹ́nu. Tiransifọ́mà àdúgbò bá jó. Àwọn oníná ní ọ̀la, ọ̀la di ọ̀tunla, wọ́n tún ní ká dáwó. (Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ jẹnẹrétọ̀ fún mi. Mo ní in. Epo ńkọ́?)

Ọjọ́ tí mo ṣí fíríìsà yẹn, òórùn ló kọ́kọ́ gbá mi nímú kí n tó rí nǹkan kan. Àwọn ọ̀rá ti wú, òmíràn ti bẹ́. Omi pupa ti dárògún sísàlẹ̀, ó ń hó fòfò, gbogbo ẹja tó wà níbẹ̀ ti mu ún. Abọ́ ni mo fi ń gbọ́n ọn síta. Ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì sí mi, kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Owó tòmátì, owó ẹja, owó gáàsì, gọ́tà ló gbé gbogbo rẹ̀ mì. Mo fọ fíríìsà yẹn títí, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń rùn dòní.

Aládùúgbò mi kan tó ti gbé Amẹ́ríkà rí ló kọ́ mi ní ti ìgò. Kò le. Ẹ bó èèpo tòmátì, ẹ gé e, ẹ sè é kó hó, ẹ rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ìgò gbígbóná, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, ẹ fi ìdérí tuntun dé e. Ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀ ìkòkò kí ìgò má baà là, kí omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Ìgò lítà kan á hó fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀yìn tí omi bá hó gan-an lẹ ó tó máa kà á. Tó bá tutù, àárín ìdérí á rì wọlé. Èyí tí kò bá rì, ẹ tètè sè é jẹ.

Ṣùgbọ́n tòmátì nìkan o! Ẹ má fi tàtàsé sí i, ẹ má fi àlùbọ́sà sí i. Mo bá obìnrin yẹn jiyàn gan-an, torí Yorùbá wo ló ń se ata láìsí tàtàsé? Kíkan tòmátì ló ń ṣọ́ ọ nínú ìgò, tàtàsé àti àlùbọ́sà ò sì kan. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ́ Clostridium botulinum. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó, ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí ló sì ti ń gbèrú. Tí kíkan bá dín, á tu oró sínú ìgò, oró tó lè dá èémí èèyàn dúró. Fíríìsà mi rùn, mo mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ìgò lè má rùn rárá.

Kódà tòmátì fúnra rẹ̀, kíkan rẹ̀ kì í tó nígbà mìíràn. Torí náà, ẹ fi omi lẹ́mọ̀ọ́nù oníìgò tí wọ́n ń tà lọ́jà sí i, síbí ńlá 2 sí ìgò lítà kan. Ọbẹ̀ mi ò kan o, kẹ́ ẹ tó bi mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kéèyàn sáà da òróró lé ata lórí, mo gbọ́ yín, ìyá tèmi náà ń ṣe é. Òróró ò pa kòkòrò yẹn. Afẹ́fẹ́ ló ń dí, ohun tí kòkòrò náà ń wá gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ sebẹ̀ ni mò ń lọ tàtàsé àti rodo tútù, tí mò ń dà á mọ́ tòmátì inú ìgò nínú ìkòkò. Tó bá jẹ́ dandan kẹ́ ẹ tọ́jú tàtàsé náà, ẹ là á, ẹ yọ kóró inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sá a sóòrùn títí á fi gbẹ táútáú.