Bọ́tìnnì Kẹta

Láàárọ̀ àná, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń bá bọ́tìnnì aṣọ mi jà. Ìka mi wú, wọ́n le gbagidi, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ látìgbà tí làkúrègbé yìí ti wọ̀ mí lára. Bọ́tìnnì kẹta yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, ni mo bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe torí ìrora o. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí nǹkan kan ò wù mí ṣe mọ́, tí n kì í fẹ́ gbé ìpè ẹnikẹ́ni.

Ọkọ mi ló ní ká sọ fún dókítà. Ojú tì mí. Mo rò pé ọ̀lẹ ni mò ń ṣe. Dókítà bi mí ní ìbéèrè 9 nípa ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá: oorun, oúnjẹ, títí dórí bóyá mò ń rò ó pé ó sàn kí n kú. Ohùn mi gbọ̀n níbẹ̀.

Ó ní àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa dáàbò bò mí ló kọjú ìjà sí oríkèé mi, èròjà tí wọ́n sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ lè ṣàkóbá fún ọpọlọ. Ìrora ń lé oorun lọ, àìsùn ń dá kún ìrora, ìsoríkọ́ ń mú méjèèjì le sí i. “Mà, ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú.”

Láàárọ̀ yìí, ọkọ mi bá mi de bọ́tìnnì kẹta. Mo jẹ́ kó bá mi dè é.