Kí Ni Wọ́n Fẹ́ Fi Ọjọ́ Ìbí Mi Ṣe?

Lónìí, mo ń wá àlàyé lórí ìdí tí ojú fi máa ń gbẹ bí èèyàn bá pẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà. Mo rí ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jọ pé wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. N ò tíì ka ìlà mélòó kan tí àpótí kan fi yọ bò ó mọ́lẹ̀, ó ní kí n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ kí n tó lè kà á: orúkọ, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, àti pásíwọ́ọ̀dù tó gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà ńlá àti àmì nínú. Nítorí ojú gbígbẹ! Mo pa á dé.

Kì í ṣe àsìkò tó ń gbà ló dùn mí jù. Ohun tí wọ́n ń kó jọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ní 2009, àwọn olè wọ inú àkọsílẹ̀ RockYou, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kó pásíwọ́ọ̀dù tó lé ní mílíọ̀nù 32. Bí àwọn oníbàárà ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ẹni tó bá ṣáà ti ṣí fáìlì náà á kà á. 123456 ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan á ní àwọn tó ń lò ó ni kò gbọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a ń fipá mú ṣe pásíwọ́ọ̀dù tuntun níbi gbogbo tó bá ti fẹ́ ka nǹkan, èyí tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni yóò mú. Tó bá sú u, èyí tó ń lò fún ímeèlì tàbí báńkì ni yóò tẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á jí i níbi tí kò já mọ́ nǹkan, wọ́n á wá lọ dán an wò níbi tí owó wà.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ni ìkànnì náà ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀, ó tọ́ kó sọ orúkọ, torí èébú àti ìpolówó àwọn rọ́bọ́ọ̀tì ti pọ̀ jù. Ẹni tó sanwó náà gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹni tó kàn wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ńkọ́? Wikipedia ti wà láti 2001, wọn ò béèrè orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó wá kà á.

Ní 2003, ìkànnì kan tó ń jẹ́ BugMeNot jáde, níbi tí àwọn èèyàn ti ń yá ara wọn ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù kí wọ́n lè kọjá irú ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ta wá ni àkọsílẹ̀ tó kún fún orúkọ ayédèrú ń ṣe láǹfààní?

Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní May 2018 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ má gba ìsọfúnni lọ́wọ́ èèyàn ju èyí tí iṣẹ́ wọn nílò lọ. Tó bá sì pọn dandan kí ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ibi tí a ti ń yọ orúkọ kúrò hàn gbangba bí ibi tí a ti ń fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ní kí n kọ lẹ́tà, kí n sì máa retí èsì.