Ohun tó dùn jù lọ́dún yìí, a ò pète rẹ̀

Oṣù Ọ̀pẹ ti ń lọ sópin, ọyẹ́ ti ń fẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀, ètè ti ń là, kálukú sì ti mú bírò láti ṣírò ọdún: ilẹ̀ tí a rà, owó ilé-ìwé tí a san, òrùlé tí a kàn, gbèsè tó kù. Ìṣirò yẹn dára, kí ẹ má pa á tì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú-ìwé kan sílẹ̀ fún àwọn ọjọ́ tí inú gbogbo ilé dùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dá ọjọ́ fún un. Òjò tó há àlejò mọ́lé, tí gbogbo wọn wá yí iná èédú ká. Ẹbí tó ti Iléṣà yà wá láìránṣẹ́ ṣáájú, tí odó sì ń dún lágogo mẹ́jọ alẹ́. Ọ̀sán tí ẹnì kan ní "ẹ jẹ́ ká dé ibi omi Ẹ̀rìn," tí wọ́n sì lọ lóòótọ́. Ẹni tó bá kọ wọ́n sílẹ̀ á rí i pé àwọn la ṣì ń sọ lẹ́nu, nígbà tí a ti gbàgbé ìnáwó tí a fi oṣù mẹ́ta múra sílẹ̀ fún.

Ohun tí àyẹ̀wò ti ọdún yìí fi hàn mí ni pé ayọ̀ àìròtẹ́lẹ̀ kì í bá ilé tó ṣófo gbé. Lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bíi mélòó kan ti wà nílẹ̀ kó tó dé: iṣu tí a ò kà mọ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀, èédú tó gbẹ, ọmọ ayò tó pé, àti wákàtí méjì tí a ò tíì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kankan. Níbi tí wọn ò bá sí, àlejò á jókòó, á mu omi, á sì dìde.

Ìlú wa fúnra rẹ̀ mọ irú èyí. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni wọ́n kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ Ifẹ̀ mọ́ lónìí. Ní 1957, iṣẹ́ ilé kíkọ́ mìíràn ló tún gbé òmíràn jáde ní Ìta Yemòó, àdúgbò kan ní Ifẹ̀. Kò sí ẹni tó wá wọn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n dá ọkọ́ dúró nígbà tí wọ́n rí wọn, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí sì rí i pé a tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ká sọ pé ìkánjú ilé ló gbà wọ́n lọ́kàn ni, àfọ́kù ni ì bá kù.

Nínú àwọn ọ̀nà tí irú ayọ̀ yìí ń gbà wọlé, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí iyán, nítorí òun ni mo gbà pé ó ga jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Tí àlejò bá wá jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà, ọ̀rọ̀ ti tán. Èèyàn mẹ́fà wọlé lágogo méje láìròtẹ́lẹ̀. Iṣu ńlá kan tó tó kìlò 3 sí 4 á tó wọn. Ẹ gé e ní bìrìkìtì tó nípọn tó ìka méjì kí ẹ tó bó o. Tí ẹ bá gé e gbàǹgbà gbàǹgbà, ìta á ti rọ̀ kí inú tó jiná. Omi kó bò ó mọ́lẹ̀ díẹ̀ péré, ẹ dé e pa, ẹ má fi iyọ̀ sí i. Láti ìgbà tó bá ti hó, ìṣẹ́jú 20 sí 25 tó, ọ̀bẹ á wọnú rẹ̀ láìjà.

Àsìkò yìí gan-an ni kí ọbẹ̀ ti wà lórí iná kejì. Ẹ̀gúsí ló yá jù, tó bá ti wà ní lílọ̀ nílé: agolo mílíìkì méjì sí mẹ́ta fún èèyàn mẹ́fà. Ẹ yọ́ epo pupa díẹ̀, ẹ din àlùbọ́sà àti irú sí i, ẹ da ata lílọ̀ sí i títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, kí ẹ tó bu omi ẹran tàbí omi lásán sí i. Ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí títí á fi ki, ẹ máa fi ṣíbí já a sínú ọbẹ̀ ní ṣìkìṣìkì, ẹ dé e, kí ẹnikẹ́ni má rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ibí ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń ti bà á jẹ́: wọ́n á rò ó kó tó dì, gbogbo rẹ̀ á sì di bí ẹ̀kọ mímu. Ẹja gbígbẹ tẹ̀ lé e, ẹ̀fọ́ ló kẹ́yìn, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Kí iṣu tó jiná, ẹ fi omi gbígbóná ṣan odó àti ọmọ odó. Odó tútù ń mú iṣu tutù lójú ẹsẹ̀, iṣu tó bá sì ti tutù á ní kókó, ẹ̀yin ò ní lè gún un yọ. Ẹ kó iṣu wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ìyókù ṣì wà nínú omi gbígbóná. Ẹ kọ́kọ́ fi ọmọ odó tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí kò fi ní sí ègé kankan mọ́, láìfi omi kankan sí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá máa gún un kíkankíkan, títí á fi máa fà tí á sì máa lẹ̀ mọ́ ọmọ odó. Ìgbà yẹn ni omi gbígbóná yẹ, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá tètè bu omi sí i, ọmọ odó á máa yọ̀ lórí ègé iṣu dípò kó fọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni kókó ti ń wá. Tí èèyàn méjì bá jọ ń gún un pẹ̀lú ọmọ odó méjì, tí ọ̀kan ń gòkè bí èkejì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù. Ẹ gbé odó náà sí àgbàlá, ẹ má gbé e sẹ́yìn ilé. Ohùn odó ló ń pe àwọn ọmọ jáde, àlejò á sì gba ọmọ odó lọ́wọ́ onílé, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rín ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí iṣu fúnra rẹ̀. Iṣu tuntun tó ń jáde ní Agẹmọ àti Ògún lómi púpọ̀. Ó dára fún sísè àti sísun, ṣùgbọ́n iyán rẹ̀ máa ń rọ̀ jù, kì í sì í fà. Ti àsìkò ọyẹ́ yìí títí wọ oṣù Ẹrẹ́nà ló dára jù.

Òjò ni ọ̀nà kejì, àgbàdo sì ni tirẹ̀. Ní Òkúdù àti Agẹmọ, òjò lè há èèyàn mọ́ abẹ́ òrùlé fún wákàtí méjì ní Láàgèrè tàbí Mọ̀ọ̀rẹ̀ nínú Ifẹ̀ níbí, ohun kan ṣoṣo tó sì sábà máa ń ba ìgbádùn náà jẹ́ ni èédú tútù. Àpò èédú tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ símẹ́ńtì á fa omi. Ẹ gbé e lé pákó. Ẹ má gbé àgbàdo lé iná tó ṣì ń jó lala, ìta á dúdú, inú á wà ní tútù. Ẹ dúró títí eérú funfun á fi bo ẹyín iná, kí ẹ tó máa yí àgbàdo níkọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tí a já lọ́jọ́ náà ló dùn. Tó bá ti sùn mọ́jú, adùn rẹ̀ á ti dínkù. Àgbọn kan tó fọ́ sí wẹ́wẹ́ tó fún èèyàn mẹ́rin. Àlàyé mi lórí èyí ò ju báyìí lọ, nítorí ẹni tó bá ní ẹyín iná àti àgbàdo ò nílò olùkọ́.

Ayò ni ti ọ̀sán, pàápàá nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún tí iṣẹ́ ò pọ̀. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Ẹni tó ń ta á kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, títí wọ́n á fi tán, bí wọ́n bá tilẹ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ ẹnìkejì. Tí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tó sì sọ ọ́ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ìyẹn náà, títí dé ibi tó ti já. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí. Bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo, ọ̀ranyàn ni kí ẹ ta èyí tó máa fún un lọ́mọ, tó bá ṣeé ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù lórí ọpọ́n. Ọmọ ayò ni ò pé. Ẹ kà wọ́n kí ẹ tó jókòó.

Kò sí ọpọ́n? Ẹ fi gìgísẹ̀ lu ihò méjìlá sílẹ̀, ẹ ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48. Ó tó. Kí ọ̀ta, ẹni tó mọ ayò ta, bá òpè tí kò mọ̀ ọ́n ta jókòó, kí àwọn tó ń wòran máa dá sí i. Mo fẹ́ràn èyí ju tẹlifísọ̀n lọ, nítorí ọmọdé àti bàbá àgbà lè wà lórí ọpọ́n kan náà, ọmọ náà sì lè nà án.

Omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni ìrìn òjijì tó yẹ kí gbogbo ará Ifẹ̀ àti Iléṣà ti ṣe. Láti Ifẹ̀ dé Iléṣà ò ju bí i kìlómítà 30 lọ, ẹ tún máa gba ọ̀nà Àkúrẹ́ kí ẹ tó yà. Ìpele méje ni omi náà. Ìpele kìíní ò le láti dé, ọmọdé náà lè dé ibẹ̀. Àwọn tó wà lókè ga gan-an, ó gba apá àti ẹsẹ̀. Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀ ni kí ẹ wọ̀. Sílípáàsì ló ń gbé èèyàn ṣubú, nítorí ewéko tútù tó hù mọ́ àpáta ń yọ̀. Ẹ mú owó ẹnubodè lọ́wọ́, ẹ mú aṣọ tí ẹ máa pààrọ̀, ẹ sì ti kúrò nílé kó tó di agogo mẹ́wàá àárọ̀. Tí ẹ bá rí i pé omi ṣàdédé pọ́n tàbí ó ń le sí i, òjò ti rọ̀ lórí òkè nìyẹn, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn níbi tí ẹ wà. Ẹ jáde nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, omi ń dínkù, àpáta sì ń gbẹ, ìyẹn ló dára fún ẹni tó fẹ́ gun òkè.

Kí ló wá ń pa irú ọjọ́ báyìí? Àkọ́kọ́ ni fóònù. Bí iṣu ṣe ń hó, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn yòókù, wọ́n á ní àwọn ti wà lọ́nà, a ó máa dúró dè wọ́n, iyán á tutù. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èkejì ni ìtìjú onílé: á sáré lọ ra mínírà àti ẹran tí apá rẹ̀ ò ká, ojú rẹ̀ á sì máa le títí àlejò á fi lọ. Ẹ̀kẹta ló burú jù, nítorí ó máa ń wá pẹ̀lú inú rere. Ẹnì kan á ní, "Ó dùn o, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é ní gbogbo Sátidé tó kẹ́yìn oṣù." Kí a tó mọ̀, akápò ti wà, owó ìtanràn ti wà, aṣọ ẹgbẹ́ ti wà, ẹni tí ò rówó dá á sì ti ń sá. Ẹ jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀.

Fún ọdún tuntun, ohun tí mo fẹ́ ṣètò ò ju àyè lọ: ọ̀sán Sunday kan ṣoṣo lóṣù tí a ò ní gba ìpè sí ìnáwó kankan. Iṣu mẹ́ta tí a tò lórí pákó níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe nínú àpò, nítorí ooru àpò ló ń jẹ́ kó rà. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ká èéhù rẹ̀ kúrò. Ẹní méjì àti àwọ̀n ẹ̀fọn kan tó mọ́, nítorí ẹni tó bá fi agogo mẹ́sàn-án alẹ́ jẹ iyán tán ò gbọdọ̀ máa wá ọkọ̀ Iléṣà kiri lóru. Kó sùn, kí ẹ sì pe àwọn ará ilé rẹ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn.