Ṣé ìwọ lo rọbí ni?

Ọjọ́bọ ni ìyàwó mi bí àkọ́bí wa ní Kubwa, l'Àbújá, lọ́dún 2021. Tó fi máa di ọjọ́ Ajé, mo ti wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Wuse. Mo tọrọ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó rẹ́rìn-ín: "Ṣé ìwọ lo rọbí ni?" Ọjọ́ ìkómọjáde nìkan ló fún mi, ó sì yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdọọdún mi.

Òfin ò bá a wí. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ò dárúkọ bàbá ọmọ. Ìyá ló ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, àti ìdajì owó oṣù, ó kéré tán, bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Tìyàwó mi sàn, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni: ọ̀sẹ̀ 16, owó pé. Ará ilé wa kan tó jẹ́ tíṣà ní iléèwé aládàáni ń fi oyún pamọ́ ni, títí ikùn fi tú u fó. Ní 2022, ìjọba kéde ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún bàbá, títí kan ẹni tó gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù 4 tọ́. Òṣìṣẹ́ tiwọn nìkan ṣá ni.

Calgary, ní Kánádà, la bí èkejì sí, ní 2024. Ọ̀gá mi níbí kí mi kú oríire, ó ní ọjọ́ wo ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsinmi. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú àánú ló ní. Àṣé owó náà ò ní ti àpò rẹ̀ jáde! Gbogbo ìgbà tí owó iṣẹ́ bá wọlé ni wọ́n ń yọ díẹ̀ fún Employment Insurance, ìyẹn owó adójútòfò òṣìṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ìjọba, tí agbanisíṣẹ́ náà ń fi tiẹ̀ kún un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san án. Ní Àbújá, agbanisíṣẹ́ ló ń dá gbogbo ẹ̀ gbé, ìyẹn loyún òṣìṣẹ́ fi ń jọ gbèsè lójú rẹ̀.

Ìyàwó mi gba ọ̀sẹ̀ 15 ti ìyá, ó fi ọ̀sẹ̀ 35 lé e nínú èyí tí bàbá àtìyá jọ ń pín, mo gba 5. Ìdá 55 nínú 100 owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san, ó sì níbi tí kì í kọjá. Onílé tiwa kò gba ìdá 55 o.

Àkọ́bí, mi ò wẹ̀ ẹ́ rí. Màmá ìyàwó mi ló ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo bá wà ní Wuse. Eléyìí, físà Màmá ò tètè jáde, èmi ni mo di kànrìnkàn mú. Orí fóònù ni Màmá ti ń pàṣẹ láti Kubwa: "Ọkọ mi, ẹ di ọrùn ẹ̀ mú! Omi yẹn ò lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó."