Kí Ni Iyùn Màmá Mi Jẹ Dàgbà?

Lálẹ́ Sátidé, okùn iyùn tí màmá mi lò lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn já mọ́ mi lọ́wọ́ nílé wa ní Mọ́kọ́lá. Bí mo ṣe ń ṣa á lábẹ́ àga ni Àdùkẹ́ ọmọ mi mú ẹyọ kan, ó gbé e síwájú fìtílà, ó ní, "Mọ́mì, irú òkúta wo lèyí?"

Mo ní kì í ṣe òkúta, egungun ẹran omi ni.

"Ẹran? Kí ló wá ń jẹ?"

Bayọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ iyùn tó ń gbé òkun olóoru, níbi tí omi ò ti jìn, ló ní ayálégbé nínú ara: àwọn algae, ìbátan nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára táǹkì omi wa. Oòrùn ni ayálégbé yìí fi ń se ṣúgà, ṣúgà náà ló sì fi ń san owó ilé. Nínú ìdá 100 agbára tí irú iyùn bẹ́ẹ̀ ń lò, tirẹ̀ lè tó 90. Ìdọ̀tí ara onílé sì ni ajílẹ̀ tirẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí omi bá gbóná jù, bó ṣe rí ní Great Barrier Reef ní Ọsirélíà ní 2016 àti 2017. Ayálégbé á kó jáde, iyùn á funfun báláú, ebi á dé.

Tí ilẹ̀ bá ṣú, ọ̀pọ̀ wọn tún máa ń na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, ọwọ́ tó ní ọfà olóró, láti mú ẹran wíntìwíntì tó ń léfòó kọjá. Tubastraea, irú iyùn kan tó pọ́n bí ọsàn, kò tilẹ̀ ní ayálégbé. Ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ nìkan ló ń jẹ.

Ti màmá mi ńkọ́? Iyùn pupa Òkun Mẹditaréníà ni, Corallium rubrum. Òun náà kò gbójú lé oòrùn. Ihò àpáta àti ibú tó ṣókùnkùn ni ilé rẹ̀. Lára igi pupa yẹn ni àwọn ẹran funfun kéékèèké so mọ́, ọwọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ, etí ọwọ́ náà rí bí ìyẹ́. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ de ohun tí omi bá gbé wá. Oúnjẹ bíńtín! Kì í fi odindi mìlímítà kan sanra lọ́dún.

Àdùkẹ́ lọ mú rúlà rẹ̀. Ẹyọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 11. Ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọdún.