Ọ̀pá irin mi gan ju bó ṣe yẹ lọ

Kí n tó fọkàn tán ètò finite element kankan (ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín nǹkan sí ègé kéékèèké, ìyẹn ẹ́límẹ́ǹtì, láti ṣírò bó ṣe máa tẹ̀), ọ̀pá irin kan wà tí mo máa ń gbé fún un ná. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 1000 mm, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ 50 mm. Mo de orí kan pinpin, mo fi agbára 1000 N fa orí kejì sísàlẹ̀. Tí E, ìwọ̀n bí irin ṣe gan tó, bá jẹ́ 210000 MPa, bírò àti ìwé ti tó láti mọ̀ pé orí yẹn á wálẹ̀ ní 3.05 mm.

Mo gbé e fún CalculiX, ọ̀kan lára irú ètò bẹ́ẹ̀. C3D8 ni mo lò, ẹ́límẹ́ǹtì onínóòdù mẹ́jọ, nóòdù (ojú àmì) kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá ni mo tò lọ gbọọrọ, ẹyọ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ṣe é tán láìkìlọ̀ ohunkóhun. Ìdáhùn rẹ̀ ò tó ìdajì 3.05! Mo tún ẹrù, ìdè àti E yẹ̀ wò. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Guido Dhondt tó kọ apá tó ń ṣírò, àti Klaus Wittig tó kọ apá tó ń ya àwòrán, fi kóòdù wọn sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL kí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí lè kà á. Èmi náà kà á. Nínú fáìlì shape8h.f, tó wà fún ẹ́límẹ́ǹtì onínóòdù mẹ́jọ, ni mo ti rí i: etí ẹ́límẹ́ǹtì yìí kì í tẹ̀ láé, nóòdù méjì péré ló wà lórí etí kọ̀ọ̀kan, ìlà gbọọrọ ló sì so wọ́n pọ̀. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ká. Níwọ̀n bí etí ò ti lè ká, igun tó yẹ kó dúró ní 90° ló ń yẹ̀. Yíyẹ̀ yẹn ò sí nínú irin gidi, síbẹ̀ òun ló ń jẹ agbára tí mo fi ń fà á. Shear locking ni wọ́n ń pè é. (Ìwé àlàyé CalculiX ti kìlọ̀ nípa C3D8, mo kà á kọjá ni.)

Mo ṣí shape20h.f, fáìlì ẹ́límẹ́ǹtì onínóòdù ogún. Nóòdù wà láàárín etí kọ̀ọ̀kan, etí wá lè ká. Mo fi C3D20R, tó jẹ́ irú ẹ́límẹ́ǹtì yẹn, rọ́pò C3D8, mẹ́wàá yẹn náà, ìdáhùn sì sún mọ́ 3.05 pẹ́kípẹ́kí.

Mo ti lo ètò olówó ńlá tó jẹ́ ìdáhùn nìkan ló ń fi hàn mí. Níbẹ̀, ǹ bá kàn máa gé mẹ́ṣì (àkójọ ẹ́límẹ́ǹtì) sí wẹ́wẹ́ títí nọ́ńbà á fi tẹ́ mi lọ́rùn, láìmọ ìdí.

Rọ́bà ló kàn, tí ν rẹ̀ (Poisson's ratio, ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a bá fà á) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.5. Mo ti ṣí e_c3d.f sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò stiffness (gígan) ẹ́límẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan.